Postcards to Voters lásìkò ìbò ìbílẹ̀: ṣé káàdì àfọwọ́kọ tó owó sítáǹpù rẹ̀?

Tó bá ti di oṣù kẹsàn-án ọdún tí ìbò wà, àpótí lẹ́tà àwọn èèyàn wa ní Atlanta, Houston àti Prince George's County ní Maryland á bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ìwé ńlá, ìwé dídán, fọ́tò olùdíje pẹ̀lú ìyàwó àti ajá rẹ̀. Inú garawa ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà lọ tààrà. Káàdì kékeré tí ẹnì kan fi báírò kọ ni èèyàn máa ń yí sọ́tùn-ún sósì kó tó jù ú nù, tó bá tiẹ̀ máa jù ú nù rárá. Orí ìyẹn ni Postcards to Voters gbé iṣẹ́ rẹ̀ kà: ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ á gba orúkọ àti àdírẹ́sì, á fọwọ́ kọ káàdì, á lẹ sítáǹpù tó fowó ara rẹ̀ rà mọ́ ọn, á sì fi í ránṣẹ́. Ìdájọ́ tiwa nìyí, ká má fi í pamọ́ dé ìsàlẹ̀: fún ìbò ìbílẹ̀, ó tó owó rẹ̀. Fún ìbò ààrẹ, ẹ fi owó sítáǹpù yẹn ra nǹkan mìíràn.

Oṣù kẹta ọdún 2017 ni Tony McMullin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Georgia, nígbà tí Jon Ossoff ń du ipò aṣojú ẹkùn kẹfà ìpínlẹ̀ náà nínú àkànṣe ìbò. Ossoff ò wọlé lọ́dún yẹn, àmọ́ iṣẹ́ káàdì náà ò dúró, ó gba ìbò àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kó mọ̀ pé olùdíje ẹgbẹ́ Democrat nìkan ni wọ́n ń kọ káàdì fún. Ẹni tó bá ń ṣe Republican, tàbí ẹni tí ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, ibí kọ́ ni tirẹ̀.

Ìwọlé rẹ̀ ò le. Ẹ ó kọ̀wé sí wọn pé ẹ fẹ́ dara pọ̀, wọ́n á fi ìlànà ránṣẹ́ sí yín, wọ́n á sì ní kí ẹ kọ káàdì kan ṣoṣo kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ wá. Kì í ṣe ẹwà ọwọ́ ìkọ̀wé ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ṣé ó ṣeé kà, ṣé ẹ kọ gbogbo gbólóhùn tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wà, ṣé ẹ ò fi tiyín kún un? Ohun tí wọ́n ń wò nìyẹn. Tí wọ́n bá ti gbà yín, ẹ̀yin àti Abby ló kù. Abby kì í ṣe èèyàn, ẹ̀rọ tó ń dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ ni. Ẹ ó sọ iye àdírẹ́sì tí ẹ fẹ́ fún un, á fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ olùdíje, ọjọ́ ìbò àti ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ. Láti ìgbà náà lọ, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lẹ ní láti fi kọ gbogbo rẹ̀ tán kó sì kúrò lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹ má ṣojúkòkòrò. Káàdì kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún bí ẹ bá fẹ́ kó ṣeé kà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn, tó tún ń gbé ọmọ lọ síléèwé láàárọ̀, kó gba mẹ́wàá, kó kọ ọ́ tán, kó tó béèrè òmíràn. Àdírẹ́sì tí ẹ gbà tí ẹ ò kọ burú ju èyí tí ẹ ò gbà lọ, torí kò sẹ́lòmíràn tí wọ́n máa fún mọ́.

Káàdì àti sítáǹpù, ẹ̀yin lẹ máa rà á. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ dáadáa.

Iye tí USPS, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà, ń gbà lórí póòsìkáàdì kan láti oṣù keje ọdún 2025 ni 61 sẹ́ǹtì. Lẹ́tà inú àpòòwé jẹ́ 78 sẹ́ǹtì. Ogún sítáǹpù póòsìkáàdì á gba $12.20 lọ́wọ́ yín, ọgọ́rùn-ún á gba $61. Sítáǹpù póòsìkáàdì tí a ń sọ yìí jẹ́ Forever, ìyẹn ni pé èyí tí ẹ rà nígbà tí owó rẹ̀ ṣì kéré á ṣiṣẹ́ lónìí láìfi kọ́bọ̀ kún un. Ẹni tó bá gbọ́ pé owó fẹ́ gòkè, tó sì mọ̀ pé òun máa kọ káàdì nígbà ìbò, kó yáa rà á sílẹ̀. Ẹ má gba sítáǹpù lẹ́tà lásán bí ọmọ ìdí káńtà bá nà án sí yín. Ẹ sọ pé ti póòsìkáàdì lẹ fẹ́, torí 17 sẹ́ǹtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di $17 lórí ọgọ́rùn-ún káàdì.

Kí wọ́n tó lè gba 61 sẹ́ǹtì lọ́wọ́ yín, káàdì náà gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n mu. Gíga rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 3½ ínǹṣì, kò gbọ́dọ̀ ju 4¼ lọ. Gígùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí 5 ínǹṣì, kò gbọ́dọ̀ ju 6 lọ. Ìnípọn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0.007 ínǹṣì dé 0.016. Káàdì ẹlẹ́wà tó fẹ̀ ní 5 sí 7 ínǹṣì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bùn ti kọjá ibẹ̀, owó lẹ́tà ni ẹ máa san lórí rẹ̀. Èyí tó gùn dọ́gba fẹ̀ dọ́gba kò bá ìwọ̀n yìí mu rárá. Bébà tí a ń kó sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lójoojúmọ́ fẹ́lẹ́ jù, ẹ̀rọ ilé ìfìwéránṣẹ́ á ká a kọ́rọ́.

Ọ̀nà tó dínwó jù ni kí ẹ ra bébà páálí funfun tó nípọn, tó fẹ̀ ní 8½ sí 11 ínǹṣì, èyí tí wọ́n kọ 110 lb sí lára, kí ẹ gé e sí mẹ́rin. Ìdámẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 4¼ sí 5½ ínǹṣì gẹ́lẹ́, ó sì wọlé sínú ìwọ̀n USPS. Bébà 25 á fún yín ní ọgọ́rùn-ún káàdì. Páálí odindi tó ní 250 á fún yín ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ má fi sáàsì gé e, etí rẹ̀ á wọ́. Ẹ jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé fi ẹ̀rọ gé e fún yín, ó sàn kí ẹ sanwó díẹ̀ ju kí ẹ ní igba káàdì tí kò sí méjì tó dọ́gba níbẹ̀. Àṣìṣe kékeré níbi gígé lè sọ 4¼ di èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ gbé rúlà lé èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Tí ẹ bá fẹ́ káàdì dídán tó ní àwòrán, ẹ rí i pé ẹ̀yìn ibi tí ẹ máa kọ̀wé sí kò dán. Báírò kì í dì mọ́ ojú dídán, ó ń yọ̀ ni. Báírò oní-gel wulẹ̀ ń tàn yanran lójú, àmọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ bá kàn án láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti ràn káàkiri. Bí òjò bá sì tọ́ sí i nínú àpò agbélẹ́tà, orúkọ olùdíje á ṣàn lọ sínú àdírẹ́sì. Báírò dúdú tàbí búlúù lásán lórí páálí tí kò dán ló dáa jù. Ẹ má lo pupa. Ojú ẹ̀rọ kì í sábà rí i dáadáa, ó sì dà bí ẹni pé ẹ ń bá èèyàn jà.

Apá tí àdírẹ́sì wà ni káàdì ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ̀rọ ló ń ka àdírẹ́sì, kì í ṣe èèyàn, lẹ́yìn náà lá tẹ bákóòdù sí ìsàlẹ̀ káàdì. Àyè bákóòdù yẹn ga ní ⅝ ínǹṣì láti etí ìsàlẹ̀, ó sì gùn ní 4¾ ínǹṣì láti etí ọ̀tún wọnú. Lórí káàdì tó gùn ní 5½, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìsàlẹ̀ pátá. Ẹni tó bá pín ojú káàdì sí méjì, tó kọ ọ̀rọ̀ sápá òsì, tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ dé etí, bákóòdù máa bọ́ sórí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ìgbà orí ọjọ́ ìbò gan-an. Tàbí kẹ̀, ẹ̀rọ á gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn wà lára àdírẹ́sì. Ẹ fa ìlà kan ní àárín káàdì láti òkè dé ibi tí àyè bákóòdù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà ilé àti títì, ìlú pẹ̀lú ìpínlẹ̀ àti zip code, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, lẹ́tà ńlá, láìsí àmì ìdánudúró. Ẹ má fo nọ́ńbà yàrá bó bá jẹ́ ilé oníyàrá púpọ̀. Ní àwọn ilé alájà gogoro tí ìdílé igba ń gbé, káàdì tí kò ní nọ́ńbà yàrá kì í kúrò nínú bàgì agbélẹ́tà.

Àdírẹ́sì tiyín ń kọ́? Wọ́n ní kí ẹ má kọ ọ́. Ìyẹn bójú mu, ẹ ò fẹ́ kí ẹni tí inú ń bí wá kan ilẹ̀kùn yín. Ohun tó ń náni ni pé bí ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí bá ti kó lọ, tí kò sì sí àdírẹ́sì tuntun tí wọ́n lè darí rẹ̀ sí, káàdì náà ò ní ibi tó máa padà sí, ẹ ò sì ní mọ̀ láé.

Ọ̀rọ̀ inú káàdì wá kù. Ẹ kọ ohun tí wọ́n fún yín. Ẹ pe olùdìbò lórúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹ dárúkọ olùdíje àti ipò tó ń dù, ẹ kọ ọjọ́ ìbò, ẹ dúpẹ́, ẹ fi orúkọ yín àkọ́kọ́ sí i. Gbólóhùn mẹ́rin sí márùn-ún ti tó. Àwa Yorùbá fẹ́ràn oríkì àti àlàyé, àmọ́ bí káàdì bá kún dẹ́múdẹ́mú, kò sẹ́ni tó máa kà á. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kún un bí ẹni tó kọ ìlànà ò bá fi sí i.

Ohun tó léwu jù ni kí ẹ máa bá olùdìbò wí pé kò dìbò lọ́dún tó kọjá. Ní Amẹ́ríkà, bóyá èèyàn dìbò tàbí kò dì í wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba; ẹni tó dìbò fún ni kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn olùwádìí ọ̀rọ̀ òṣèlú mẹ́ta, Alan Gerber, Donald Green àti Christopher Larimer, dán nǹkan kan wò ní Michigan lásìkò ìbò abẹ́nú oṣù kẹjọ ọdún 2006. Nínú àwọn ilé tí wọn ò fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, 29.7% ló dìbò. Lẹ́tà tó kàn rán wọn létí pé ìdìbò jẹ́ ojúṣe ọmọ ìlú gbé e dé 31.5%. Èyí tó to orúkọ àwọn aládùúgbò sílẹ̀, tó fi ẹni tó dìbò àti ẹni tí kò dì í hàn, gbé e dé 37.8%. Ìtìjú ló ṣe é. Ẹni tó bá ka iye yẹn lè fẹ́ fi ìtìjú ṣiṣẹ́, àmọ́ lẹ́tà yẹn ò polówó olùdíje kankan, káàdì tiyín sì ń polówó ẹnì kan. Ẹni tí ẹ dójú tì lè bínú jáde lọ dìbò, kó sì di í fún ẹlòmíràn.

Lẹ́tà títẹ̀ ni wọ́n lò ní Michigan, wọn ò fọwọ́ kọ ọ́, síbẹ̀ 31.5% yẹn jẹ́ ká mọ ibi tó yẹ kí ìrètí wa dúró sí. Ó fi 1.8 ju ti àwọn tí kò rí lẹ́tà gbà lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún káàdì, $61 owó sítáǹpù, ẹ lè rí ẹnì kan tàbí méjì tó jáde nítorí rẹ̀. Nínú ìbò tí mílíọ̀nù èèyàn ń dì, kò sí ibi tí ìyẹn fẹ́ dé. Ìbò ìbílẹ̀ ló ti ń wúlò: ìgbìmọ̀ iléèwé, adájọ́ káúńtì, ìgbìmọ̀ ìlú, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ní Virginia lọ́dún 2017, David Yancey ti Republican àti Shelly Simonds ti Democrat ní ìbò 11,608 ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹkùn 94 ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n kó orúkọ àwọn méjèèjì sínú abọ́ amọ̀, wọ́n mú ọ̀kan, Yancey ló sì jáde. Orúkọ tí wọ́n mú nínú abọ́ yẹn ló jẹ́ kí Republican ní ọ̀pọ̀ nínú ilé aṣòfin náà, 51 sí 49.

Ìbò kékeré yìí náà ló ń kan àpò èèyàn. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń fọwọ́ sí iye tí Georgia Power ń gbà lórí iná, ìbò ni wọ́n fi ń yàn wọ́n. Nígbà tí ìjókòó méjì nínú rẹ̀ délẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2025, Alicia Johnson àti Peter Hubbard ló wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sun ẹkún owó iná ní káúńtì Gwinnett àti Cobb kò mọ̀ pé irú ìbò bẹ́ẹ̀ wà. Káàdì tó sọ orúkọ ìjókòó náà àti ọjọ́ tí ìbò rẹ̀ bọ́ sí ti ṣe ju fọ́tò olùdíje pẹ̀lú ajá rẹ̀ lọ. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Georgia náà ni àwọn èèyàn wa bíi Solomon Adesanya, Segun Adeyina àti Phil Olaleye wọ̀ lẹ́yìn ìbò ọdún 2022.

Àwọn tó wà nílé á ti máa béèrè bóyá a lè ṣe irú èyí fún ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀ṣun tàbí Èkó. Kò lè yọrí. Agbélẹ́tà kì í dé ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé, àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp àti ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ yára jù ú lọ fíìfíì.

Ọjọ́ tí káàdì máa dé ṣe pàtàkì ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. USPS ń pe ìrìn lẹ́tà First-Class, ọ̀wọ́ tí póòsìkáàdì yín wà, ní ọjọ́ kan sí márùn-ún. Virginia ń ṣí ìdìbò ọjọ́ 45 ṣáájú ọjọ́ ìbò, Texas ń ṣí i ní ọjọ́ 17, Georgia ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kó dé ní àyíká ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìdìbò ló dáa jù, tàbí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá ṣáájú rẹ̀ jù, wọ́n á ti gbàgbé ẹ. Èyí tó bá dé lọ́jọ́ Wednesday lẹ́yìn ìbò ti di ẹ̀fẹ̀. Ẹ gbé e dé ìdí káńtà fúnra yín kí ọkọ̀ wọn tó lọ, ẹ má jù ú sínú àpótí búlúù ẹ̀bá títì lálẹ́ Saturday. Tí ẹ bá ń rán olùdìbò Georgia létí ìwé ìdìbò tó ń gba póòsì kọjá, ẹ má kọ pé kó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ ìbò. Aago méje alẹ́ ọjọ́ ìbò ni ìwé náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìbò, òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wà lára àpòòwé kò gbà á là.

Vote Forward náà wà, ó sì yàtọ̀. Scott Forman ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2017. Lẹ́tà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ ni, ẹ̀yin á kọ orúkọ àti ìdí tí ẹ fi ń dìbò sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ ó kó o sínú àpòòwé, ẹ ó tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n dá. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ máa kọ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù mélòó kan ṣáájú, torí kò sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta tó ń lé e. Ó tún ní irú lẹ́tà tí kò dárúkọ olùdíje kankan. Àmọ́ sítáǹpù 78 sẹ́ǹtì ni, ẹ máa ra àpòòwé, ẹ máa ra íǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹni tó gbà á sì gbọ́dọ̀ já a kó tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Póòsìkáàdì ò nílò jíjá, agbélẹ́tà pàápàá á kà á. Fún ìbò kékeré tó ti sún mọ́lé, póòsìkáàdì la mú.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí kò tíì di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní green card lè kọ káàdì, ó lè ra sítáǹpù, kó má kàn forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ni. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́ lè yọ̀ǹda ọwọ́ àti àkókò rẹ̀ láìgbowó, àmọ́ òfin kò gbà á láyè láti náwó lórí ìbò, yálà ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù fara mọ́ òfin yẹn lọ́dún 2012. Nítorí náà, bí ìyá àti ọmọ bá jókòó kọ káàdì pọ̀, kí ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó ní green card sanwó káàdì àti sítáǹpù, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú báírò.

Àbùkù Postcards to Voters tí kò jẹ́ ká fún un ní máàkì tó pé ni pé ẹ ò lè mọ ohun tí káàdì tiyín ṣe, àti pé gbogbo owó ń jáde lápò ẹni tó ń kọ ọ́. Àwa á fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó bá ń kọ sí Georgia, kó pa ogún sítáǹpù mọ́ lẹ́yìn ìbò oṣù kọkànlá: bí kò bá sẹ́ni tó ní ju ìdajì ìbò lọ, ọjọ́ 28 péré ló kù kí wọ́n tún un dì, àdírẹ́sì tuntun á sì ti wà lọ́wọ́ Abby.